Ojú Àyálò

"Ó tún ti dákẹ́!" Màmá Mọrẹ́nikẹ́ fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Akínyọ̀sóyè, kí lo tún ń wò níta?"

"Mo ṣẹ́jú ni, Màmá."

"Irọ́. Ìṣẹ́jú kì í dá orin dúró. Ńṣe lo gbójú kúrò. Dá a padà síbẹ̀, jẹ́ kí n gbọ́ orin mi."

Akínyọ̀sóyè mí kanlẹ̀, ó sì dá ojú rẹ̀ padà sára dígí tó wà lára ògiri. Bí ojú rẹ̀ ti kan àwòrán inú dígí náà báyìí, orin bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti já:

*Òjò ṣú lókè, ẹ bá mi káṣọ o,*
*èyí tó gbẹ, èyí tí ò gbẹ,*
*ẹ bá mi ká a wọlé.*

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá náà wí, ó fẹ̀yìn ti àga. "Ó yá, máa sọ ọ́. Ṣé obìnrin yẹn ṣì dúró?"

"Ó dúró. Ó nawọ́ sókè, ó ń ká aṣọ lórí okùn. Apá òsì rẹ̀ ti kún fún aṣọ. Òjò ti ṣú bo orí àpáta lẹ́yìn rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ajá kan jókòó tì í lẹ́sẹ̀."

"Ajá yẹn ò níṣẹ́ kankan. Ọ̀lẹ ajá."

"Ó ń wo òjò ni."

"Ẹni tó ń wo òjò ò lè bá ọ̀gá rẹ̀ gbé aṣọ kan ṣoṣo? Bùbá pupa yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Òun nìkan ló kù ní ìkángun okùn. Ọwọ́ obìnrin náà ò tíì tó o."

Omi bọ́ láti ojú ìyá náà tí kò ríran, ó sì jẹ́ kó máa ṣàn. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án wá, tí orin bá ti dé ibi "èyí tí ò gbẹ."

Kò sí obìnrin kankan nínú dígí náà. Kò sí okùn, kò sí òjò, kò sí ajá. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó wọ léèsì funfun, ó fara ti mọ́tò tó ń dán, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé èèyàn lè ka eyín ẹnu rẹ̀. Sùnbọ̀ Alóhùn-Oyin ni, ẹni tó kọ orin náà. Láyé, kò sẹ́ni tí Akínyọ̀sóyè kórìíra tó o.

Gbogbo ilé tó wà lórí Òkè Ìdànrè ló ní irú dígí bẹ́ẹ̀. Ìlú tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ooru ló tún lé àwọn ọmọ padà sí i, wọ́n sì gbé òfin tuntun gun òkè pẹ̀lú ẹrù wọn. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ń bí orin bí eṣinṣin ṣe ń bí ìdin, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni èwo mọ́, ìjọba ní orin kankan ò gbọdọ̀ jáde láìní ojú. Ojú orin ni àwòrán tí olórin bá fi síwájú àwo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin, kó wo ojú orin. Bó bá gbójú kúrò, orin á dákẹ́.

Wọn ò rántí afọ́jú nígbà tí wọ́n ń ṣòfin. Ìgbà tí àwọn afọ́jú pariwo ni wọ́n tó dá iṣẹ́ Ojú Àyálò sílẹ̀: ẹni tó lójú á wá jókòó ti ẹni tí kò ní, á bá a wo dígí, á sì máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Akínyọ̀sóyè búra kí wọ́n tó fún un ní báàjì. Ohun tí ojú bá rí ni ẹnu yóò sọ. Bí wọ́n bá gbá a mú pé ó sọ òmíràn, wọ́n á gba báàjì, kò sì ní í wo dígí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ojú ni dígí ń ṣọ́, kò ṣọ́ ẹnu.

Obìnrin tó ń káṣọ yẹn, ó wà níbì kan o. Akínyọ̀sóyè ló yà á. Nígbà tí òun àti Sùnbọ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ tí í jẹun nínú abọ́ kan náà, Sùnbọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó ya ojú orin náà fún òun. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ló fi yà á. Nígbà tí orin jáde, fọ́tò ni wọ́n rí. Sùnbọ̀ ò ṣàlàyé, Akínyọ̀sóyè náà ò béèrè. Ńṣe ló ṣíwọ́ kíkí i. Ọgbọ̀n ọdún rèé. Akínyọ̀sóyè kì í sì í ṣe ẹni tí í gbàgbé: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní kíláàsì kejì, ó ṣì mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ Màmá Mọrẹ́nikẹ́, tí ìyá náà ní orin aláṣọ yẹn ni òun fẹ́, èyí tí Ìbídùn ọmọ òun tó ti kú máa ń kọ, ó kù díẹ̀ kí Akínyọ̀sóyè dìde kó máa lọ. Ìyá náà bi í pé, "Báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?" Ó yanu láti sọ pé òmùgọ̀ kan fara ti mọ́tò. Ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Obìnrin kan ni, ó ń ká aṣọ." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi ìka kan irọ́, gbogbo ọwọ́ ni yóò bá a lọ.

Orin parí. Ìyá náà fi etí ìró nu ojú.

"Akínyọ̀sóyè, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Kí ni mo tún ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan." Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó fi ẹran pamọ́ sẹ́nu. "Mo ti fi bò fún ọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Wọ́n ti fi ojú ẹ̀rọ sí mi. Ó wà nínú ibẹ̀ báyìí, ó ń sùn. Láàárọ̀ ọ̀la ni nọ́ọ̀sì máa wá jí i."

Akínyọ̀sóyè dìde dúró. "A dúpẹ́, Màmá. A dúpẹ́ gidi."

"Ṣé o mọ ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rí?"

"Àwọn ọmọ-ọmọ yín."

"Àwọn yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọn ò lè sá. Obìnrin aláṣọ yẹn ni mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ wò ó tinútinú, kí n wo bùbá yẹn. Ìwọ ni kó o wá bá mi tan dígí."

* * *

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, Akínyọ̀sóyè sì mọ̀ ọ́n. Òfin gbà kí orin pààrọ̀ ojú lẹ́ẹ̀kan láyé, bí ẹni tó ni orin bá fi àtàǹpàkò sí i. Bí Sùnbọ̀ bá gbà, obìnrin náà á wà nínú dígí kí Màmá tó lajú. Ó ní láti lọ bá Sùnbọ̀.

Ó wọ ọkọ̀ orí wáyà kọjá sí àpáta kejì. Ó bá Sùnbọ̀ ní ìta, lábẹ́ ìbòji, ó ń bó ẹ̀pà. Ó ti pá lórí, ikùn rẹ̀ ti yọ, ṣùgbọ́n eyín yẹn ṣì wà.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ẹnì kejì nínú ìjà, òun ni ìjà náà dá lẹ́bi. Akínyọ̀sóyè kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé o."

Sùnbọ̀ kò gbórí sókè. "Ta lò ń kí?"

"Ilé ni mo kí."

"Ilé, wọ́n kí ọ o." Sùnbọ̀ ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Ilé ní kí lo wá ṣe?"

"Sọ fún ilé pé mo wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ onílé."

"Onílé ní etí òun ti di. Òun ò gbọ́ ohùn ẹni tí kò bá kí òun."

Akínyọ̀sóyè dúró sínú oòrùn. Àpáta ń jó o lẹ́sẹ̀ nínú bàtà. Sùnbọ̀ ń bó ẹ̀pà lọ, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níwájú òun. Akínyọ̀sóyè tilẹ̀ yí padà, ó gbé ẹsẹ̀ bíi mélòó kan lọ sí ìdí wáyà. Ìgbà náà ló rántí ohùn ìyá yẹn: kí n wo bùbá yẹn. Ó padà.

"Sùnbọ̀," ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. "O kú ìjókòó."

Ọwọ́ Sùnbọ̀ dúró nínú ẹ̀pà. Nígbà tó ṣe, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan síwájú. "Jókòó. O ti gbó."

"Ìwọ náà ò di ọmọdé."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀rín fi gbé Sùnbọ̀, ó rín títí ó fi ń wúkọ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án! Ojú mi lo jókòó tì, tí o ń wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Ìyàwó mi ò wò mí tó bẹ́ẹ̀ kó tó kọ̀ mí sílẹ̀."

"Mi ò wò ọ́ tìfẹ́tìfẹ́."

"Òun náà ò ṣe bẹ́ẹ̀."

Akínyọ̀sóyè ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bu ẹ̀pà kí ẹnu rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe. "Kí ló dé tí o fi yọ àwòrán mi?"

Sùnbọ̀ bó ẹ̀pà kan sí i.

"Ìyá mi ló ni orin yẹn," ó wí. "Bí òjò bá ti ń bọ̀, á kígbe rẹ̀, gbogbo àwa ọmọ á sáré jáde, a ó máa ṣubú lura wa, aṣọ á máa fò kiri, ẹ̀rín á pa wá. Orin eré ni. Nígbà tí o gbé àwòrán rẹ wá, mo gbé e síwájú, mo ní kí n kọ orin náà sí i. Kò jáde bí orin eré mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìlù kan náà, ó di orin ọ̀fọ̀. Mo fi han àwọn onílù mi, ọ̀kan nínú wọn ń sunkún. Mo ní háà, bí mo bá gbé èyí síta, orin yìí kì í ṣe tèmi mọ́, ti Akínyọ̀sóyè ni. Ẹ̀rù àwòrán rẹ ló bà mí."

"O lè sọ fún mi."

"Mo lè sọ ọ́ lóòótọ́. Mi ò sọ ọ́." Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára. "Gbé e wá lọ́la kí oòrùn tó mú, màá fi àtàǹpàkò sí i. Ọmọdékùnrin inú dígí yẹn ti sú èmi gan-an. Mọ́tò yẹn sì rèé, ti ẹni tó ya fọ́tò ni."

* * *

Ó yẹ kí inú Akínyọ̀sóyè dùn. Ohun tó ti ń wá láti ọgbọ̀n ọdún ti bọ́ sí i lọ́wọ́: gbogbo ayé á máa gbọ́ orin Sùnbọ̀ pẹ̀lú àwòrán Akínyọ̀sóyè, Sùnbọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ ba òun. Kò dúró jẹun nígbà tó délé. Ó fa àwòrán náà jáde lábẹ́ ibùsùn, ó tú aṣọ tó fi wé e, ó gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti lè kàn án.

Ó dára. Ó dára ju bó ṣe rántí rẹ̀ lọ. Obìnrin náà dúró, apá rẹ̀ kún fún aṣọ, òjò ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n okùn náà ṣófo. Obìnrin náà ti ká gbogbo aṣọ tán.

Kò sí ajá. Kò sí bùbá pupa. Akínyọ̀sóyè wò ó títí, ó ń wá wọn bí ẹni tó gbé nǹkan sọnù nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà wo ni wọ́n wọlé? Ó rántí pé ajá, òun ló fi í síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí inú ìyá náà bàjẹ́, kó lè rí nǹkan bú. Ó ronú kan bùbá. Ìyá náà ló bi í, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n: "Ṣé kò sí bùbá pupa kan lórí okùn yẹn?" Ó ní, "Ó wà."

Kò tó nǹkan, ó wí fún ara rẹ̀. Ayàwòrán ni mí. Ó po ọ̀dà pupa. Ó ya bùbá kan sí ìkángun okùn, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Aṣọ ọjà ni. Ó pa á rẹ́, ó ya òmíràn, ó jẹ́ kó kéré sí i, ó fi atẹ́gùn sí apá rẹ̀. Aṣọ ọjà náà ni. Báwo ni ọrùn rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó ti ṣá? Ṣé wọ́n lẹ̀ ẹ́ níbì kan? Òun ò rí bùbá Ìbídùn yẹn rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti rí i, ẹni náà ò sì ríran nígbà tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó jókòó ti àwòrán náà, búrọ́ọ̀ṣì gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá gbé e lọ fún Sùnbọ̀ bó ṣe wà, ìyá náà á wá bùbá rẹ̀, kò ní í rí i. Bó bá sì gbé bùbá ẹlòmíràn kọ́ síbẹ̀, ìyá náà á mọ̀. Èyí tó wà lójú ìyá náà, kò sí àtàǹpàkò tó lè mú un wọ dígí. Òun tó ti borí Sùnbọ̀ níkẹyìn, ó rí i pé bíborí náà ò wúlò fún ẹni tí òun torí rẹ̀ lọ kí ọ̀tá.

Ó nu ọ̀dà pupa kúrò. Ó fi aṣọ wé àwòrán náà, ó tì í padà sábẹ́ ibùsùn.

* * *

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màmá Mọrẹ́nikẹ́ láàárọ̀, nọ́ọ̀sì ń jáde lọ.

"Ó ti jí," ni nọ́ọ̀sì wí, "ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ Màmá. Wọ́n kọ̀, wọn ò lajú. Wọ́n ní ẹnì kan làwọn ń dúró dè."

Ìyá náà jókòó síwájú dígí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ti wọ aṣọ tó dára.

"Akínyọ̀sóyè, ṣé ìwọ nìyẹn? Mi ò tíì wo nǹkan kan o. Ọwọ́ ara mi gan-an, mi ò wò ó. Tan dígí."

"Màmá." Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti dọ̀bálẹ̀. "Kò sí obìnrin nínú rẹ̀."

"Inú kí ni?"

"Inú dígí. Sùnbọ̀ ló wà níbẹ̀, ó fara ti mọ́tò. Kò sí aṣọ, kò sí okùn, kò sì sí òjò. Èmi ni mo ya obìnrin yẹn lọ́jọ́ kan, wọn ò lò ó. Òun ni mo ń sọ fún yín."

Ọwọ́ ìyá náà ò kúrò lójú.

"O jókòó sórí àga mi lọ́dún mẹ́sàn-án. O ń mu omi mi. O ń purọ́ fún afọ́jú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ajá ńkọ́?"

"Kò sí ajá."

"Ajá náà!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Gbogbo èébú tí mo bú ajá yẹn! Ìwọ ni mo ń bú nígbà náà, o kàn ń gbọ́ ọ ni! Aláìlójútì! Ọ̀dàlẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Má wí bẹ́ẹ̀ ni fún mi mọ́!" Ó mí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Bùbá pupa yẹn. Ìwọ lo fi í síbẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Ẹ̀yin ni. Ẹ bi mí bóyá ó wà, mo ní ó wà."

"Èmi."

"Ẹ̀yin ni."

Níta, ọkọ̀ kan ń lọ lórí wáyà, òjìji rẹ̀ gba inú yàrá kọjá.

"Tan dígí," ni ìyá náà wí.

Ó tàn án. Ìyá náà gbé ọwọ́ kúrò. Ojú tuntun náà mọ́ roro bí omi orí àpáta, ó kọjú sí dígí, orin sì bẹ̀rẹ̀. Akínyọ̀sóyè kò wo dígí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ kò pọn dandan kó wò ó. Ó gbọ́ bí ìlù ṣe ń sáré nísàlẹ̀ orin náà, àwọn ẹsẹ̀ ọmọdé ni, wọ́n ń ṣubú lura wọn, kò sì mọ bí òun ṣe jókòó ti orin yìí fún ọdún mẹ́sàn-án tí òun ò gbọ́ ọ.

"Ó ń rẹ́rìn-ín," ni Màmá Mọrẹ́nikẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀... Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Gbogbo ìgbà tí mo ń sunkún, ọkùnrin yìí ń rẹ́rìn-ín." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń gbọ̀n sí ìlù, kò sì jọ pé ó mọ̀. Orin dé ibi "èyí tí ò gbẹ." Kò sunkún. Ó rọ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìbídùn náà máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń kọ ọ́. Á máa sáré yí mi ká pẹ̀lú aṣọ tútù, á máa fi lù mí lẹ́yìn. Wò ó, mo ti gbàgbé. Mo ti jẹ́ kí ọmọ yẹn máa sunkún lójú mi láti ọjọ́ yìí wá."

Ó yí orí kúrò lára dígí. Orin dákẹ́ lójijì. Ó wá ń wo Akínyọ̀sóyè tó ṣì wà nílẹ̀, ó wò ó láti irun dé ẹsẹ̀, kò kánjú.

"O burẹ́wà ju bí mo ṣe rò lọ."

"Wọ́n ti sọ fún mi rí, Màmá."

"Dìde nílẹ̀. Níbo ni àwòrán tìrẹ wà?"

"Ó wà nílé. Sùnbọ̀ ní òun máa fọwọ́ sí i kó wọ inú dígí. Ó ní kí n gbé e wá kí oòrùn tó mú."

Ìyá náà wo ojú fèrèsé. Oòrùn ti bo gbogbo àpáta, ó funfun lójú rẹ̀, ó ṣẹ́jú léraléra bí ẹni tó ń kọ́ ọ.

"Oòrùn ti mú," ó wí.

"Ó ti mú."

"O sì wà níbí."

"Mo wà níbí."

Ìyá náà tún wò ó títí. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì ní kó máa lọ. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ohùn sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà fúnra rẹ̀, láìsí dígí, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú Akínyọ̀sóyè. Ó yára bíi ti Sùnbọ̀ níbẹ̀rẹ̀, òjò ṣú lókè, ẹ bá mi káṣọ o. Nígbà tó dé "èyí tó gbẹ, èyí tí ò gbẹ," ó rọra fà á díẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń dúró de ègbè.

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?" ó wí. "Àbí o fẹ́ kí èmi nìkan dá a gbé?"

Láti ọgbọ̀n ọdún, Akínyọ̀sóyè ò jẹ́ kí orin yẹn kan òun lẹ́nu. Ó yanu. Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì gbè é.